Bọ́m̀pù Alága Ọjọ́ Mẹ́sàn-án

Èmi kì í bínú o. Ẹ bi ẹnikẹ́ni ní Òpópónà Ìfẹ́dàpọ̀ ní Ìgàndò, wọ́n á sọ fún yín pé Mojísọ́lá onítẹ̀wé kì í bínú, àwọn èèyàn ló máa ń mú un bínú. Ọ̀tọ̀ ni kéèyàn máa bínú, ọ̀tọ̀ ni kí wọ́n mú un bínú.

Lọ́jọ́ tí Abdulganiyy, akọ̀wé ẹgbẹ́ onílé àdúgbò wa, wọ ṣọ́ọ̀bù mi, ara mi balẹ̀ pẹ̀sẹ̀. Ó ku ọ̀sẹ̀ kan kí June 12 pé. Mo ń tẹ ìwé ìkésíni ìgbéyàwó kan lọ́wọ́, iná wà, ẹ̀rọ ò há bébà, kí ni mo tún ń wá? Ó fa fáìlì kan yọ lábẹ́ abíyá, ó ní àdúgbò fẹ́ ṣe nǹkan tírú ẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ rí.

"Àǹtí Mojí, ṣé ẹ mọ̀ pé ìjọba máa ń fún wa ní ọlidé ní June 12, ká fi rántí àwọn tó ṣíwájú wa, tí wọ́n jà kí ìjọba tiwa-n-tiwa tó dúró? Alága wá ní, àwa náà ní àwọn aṣíwájú tiwa ní òpópónà yìí. Ta ló ń rántí tiwa? Torí náà, lọ́jọ́ yẹn, a máa bọlá fún gbogbo ẹni tó ti ṣe alága níbí rí. Bánà ńlá kan la fẹ́. Fọ́tò wọn, orúkọ wọn, iṣẹ́ tí wọ́n ṣe. Tí ayẹyẹ bá parí, a máa gbé e kọ́ sára ògiri yàrá ìpàdé, ibẹ̀ ló máa wà títí ayé."

Mo ní kò burú. Mo ṣí fáìlì. Fọ́tò márùn-ún ló wà níbẹ̀. Alága àkọ́kọ́ ló sáré tiransifọ́mà wá. Ẹnì kejì la gọ́tà. Ẹnì kẹta ṣe géètì. Ẹnì kẹrin ra sípíkà ńlá kan tí kò tíì sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti rà á. Ẹnì karùn-ún ni Bàbá Àlàó, alága wa tòní, tó wà láàyè, tó wà lórí àga, tó sì tún fi ara rẹ̀ sáàárín àwọn aláàná. Fọ́tò tiẹ̀ ló tóbi jù.

Mo kà á lẹ́ẹ̀kan, mo tún un kà. Orúkọ bàbá mi ò sí níbẹ̀.

"Akọ̀wé, ẹ ti gbàgbé ẹnì kan."

"Ta nìyẹn?"

"Bàbá mi. Bàbá Akínbọ́lá, atúnaagoṣe. Alága làwọn náà."

Abdulganiyy họ orí. "Ọjọ́ mélòó ni wọ́n fi ṣe é?"

"Mẹ́sàn-án."

"Ẹ̀hẹ́n."

"Kí ni ẹ̀hẹ́n?"

"Àǹtí Mojí, ẹ má bínú o. Ẹyin adìẹ gan-an, ọjọ́ mọ́kànlélógún ló fi ń pa. Kí ni ọjọ́ mẹ́sàn-án fẹ́ pa?"

Ṣé ẹ ti rí i? Mo jókòó jẹ́jẹ́ mi o.

Òótọ́ ni pé ọjọ́ mẹ́sàn-án ni bàbá mi lò lórí àga. Ọmọ ọdún méje ni mí nígbà yẹn. Wọ́n yàn án lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n sì yọ ọ́ ní Sunday ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e. Èmi ò sí nílé, wọ́n ti kó mi lọ sọ́dọ̀ ìyá ìyá mi ní Àgbàdo. Ìgbà tí mo dé, tí mo gbọ́ pé bàbá mi kì í ṣe alága mọ́, mo bi wọ́n pé kí ló dé. Bàbá mi ò gbójú sókè kúrò lára aago tí wọ́n ń tún ṣe. Wọ́n ní, "Iṣẹ́ tí mo fẹ́ fi í ṣe ti parí." Ó tán. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni wọ́n, ọmọ ìjọ Aládùúrà, tí kì í wọ bàtà tó bá ti wọ sùtánà funfun rẹ̀. Wọn kì í pariwo. Èmi ò mọ ibi tí mo ti kó ariwo tèmi wá. Ó ti pé ọdún mọ́kànlá báyìí tí wọ́n ti kú, kò sì sí ẹni tó tún sọ̀rọ̀ ọjọ́ mẹ́sàn-án náà fún mi, àfi tí wọ́n bá fẹ́ fi mí rẹ́rìn-ín.

Mo wá sọ ọ́ lọ́kàn mi pé, bí wọ́n kọ̀, bí wọ́n gbà, bàbá mi á gorí ògiri yẹn.

Abdulganiyy fẹ́ jáde, ó tún padà. "Ìyẹn ọ̀rọ̀ kan. Ọ̀rọ̀ kejì, èyí á dùn mọ́ yín. Lọ́jọ́ yẹn kan náà, a máa fọ́ bọ́m̀pù."

Mo fò dìde. "Bọ́m̀pù wo?"

"Bọ́m̀pù wo ló tún wà? Alága sì ní ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ fi òòlù lù ú, torí kò sẹ́ni tó ti bá a jà tó yín."

Ẹ jẹ́ kí n sọ nípa bọ́m̀pù yìí, kẹ́ ẹ tó sọ pé mo burú. Iwájú ṣọ́ọ̀bù mi gan-an ló wà, ìyẹn iwájú ilé tí bàbá mi fi sílẹ̀ fún wa. Bọ́m̀pù àwọn ẹlòmíì, òkìtì kékeré tó ń dín eré mọ́tò kù ni, táyà á gùn ún, á sọ̀ ọ́. Tiwa yìí, òkè ni. Ó wọ́, ó rí jágajàga, ọ̀tún rẹ̀ ga ju òsì lọ, àfi bí ẹni pé èèyàn kan tó sanra da aṣọ borí sùn sí àárín títì. Kò sí mọ́tò tó máa sáré débẹ̀ tí kò ní kí i. Gbì! Promise, tó máa ń kó ẹyin bọ̀ láti Ṣáṣá fún àwọn oníṣọ́ọ̀bù, ti fọ́ kíréètì mẹ́ta níbẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Wọ́n ń gbé ìyàwó kan lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, wíìgì rẹ̀ fò kúrò lórí, ó bo dírẹ́bà lójú. Èmi fúnra mi, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tuntun tí mo gbé sínú kẹ̀kẹ́ Márúwá láti Ìkọ̀tún, gbogbo kòtò ọ̀nà ló ti là já láìfarapa, ibi tó ku ẹsẹ̀ mẹ́wàá kó wọlé ni bọ́m̀pù ti ṣe é léṣe. Títí dòní, tó bá ń tẹ̀wé, á máa gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti fi ara mi joyè. Oyè mi ni kí n máa ṣe àmín. Ọlọ́kadà á dé, gbì, á ní, "Ọlọ́run á bi ẹni tó ṣe bọ́m̀pù yìí léèrè!" Èmi á dáhùn láti inú ṣọ́ọ̀bù: "Àmín!" Onítakisí á dé, gbì, á ní, "Ẹni tó ṣe é kò ní fara rọ!" "Àmín o, láṣẹ Èdùmàrè!" Kó tó di ọ̀sán, mo ti ṣe mẹ́wàá. Ọdún mẹ́jọ rèé tí mo ti ń ṣe é, n kì í gba ọlidé. Ẹni tó ṣe bọ́m̀pù náà, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ayálégbé òpópónà wa, ibẹ̀ ni wọ́n bá a; èmi náà, láti kékeré ni mo ti ń rí i níbẹ̀. Èmi ni mo tẹ ìwé ẹ̀bẹ̀ pé kí ẹgbẹ́ fọ́ ọ, èmi ni mo kọ́kọ́ fọwọ́ sí i, tí mo sì ń gbé e kiri ojúlé.

Nítorí náà, inú mi dùn, inú mi ò sì dùn. Mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ bánà.

Ìṣòro wá ni fọ́tò. Bàbá mi ò fẹ́ràn fọ́tò. Ẹyọ kan péré ni mo ní tó mọ́lẹ̀ dáadáa, èyí tí wọ́n yà nígbà ìkórè ní ṣọ́ọ̀ṣì. Sùtánà funfun ni wọ́n wọ̀, wọ́n dijú, wọ́n na ọwọ́ kan sókè, ẹnu wọn sì ṣí gbàgà níbi tí wọ́n ti ń kígbe halelúyà. Mo gbìyànjú kí n fi kọ̀ǹpútà pa ẹnu náà dé. Ó wá dà bí ẹni tí eyín ń dùn. Mo dá a padà.

Iṣẹ́ tí wọ́n ṣe ńkọ́? Gbogbo àwọn yòókù ló ní tiransifọ́mà, gọ́tà, géètì. Mo ronú títí. Ní ìkẹyìn, mo kọ ọ́ sábẹ́ fọ́tò wọn pé: *Alága Akínbọ́lá. Ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ó ṣe ìwọ̀n tó lè ṣe.* Mo tẹ̀ ẹ́ jáde. Orí mẹ́fà dípò márùn-ún. Mo ká a, mo dè é, mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yẹ̀ ẹ́ wò.

June 12 pé. Òjò ń hùmọ̀ lókè, àmọ́ kò tíì rọ̀. Wọ́n ta kánópì méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, wọ́n to àga, wọ́n gbé sípíkà alága kẹrin jáde, ó kọ̀, wọ́n gbé e wọlé padà. Wọ́n fi rìbọ́nù aláwọ̀ ewé àti funfun yí bọ́m̀pù ká, bíi màlúù ọdún. Òòlù ńlá dúró tì í. Abdulganiyy ti lọ gbé Màmá Ìdíátù wá láti Ìyànà Ìpájà. Ìyá yìí ló dàgbà jù nínú gbogbo àwọn tó kọ́kọ́ kọ́lé ní òpópónà wa, wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ó sì ti pẹ́ tí wọ́n ti kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ wọn. Nígbà tí Alága Àlàó rí wọn tí wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀, ojú rẹ̀ yí padà. Ó rọra bi akọ̀wé pé, "Ta ló ní kó o lọ pe èyí?" Mo gbọ́ ọ. Mi ò fiyè sí i nígbà náà.

A kọ orin orílẹ̀-èdè. Ìdajì ń kọ ti àtijọ́, ìdajì ń kọ ti ìsinsìnyí, a sì jọ parí rẹ̀ láìpa ara wa. Lẹ́yìn náà, Alága fa aṣọ kúrò lójú bánà.

Ẹ̀rín sọ. Promise ló kọ́kọ́ nàka. "Ah ah! Who be that baba wey dey yawn?"

"Wọn ò yán," mo ní. "Halelúyà ni wọ́n ń ké."

Alága Àlàó sún mọ́ bánà, ó bọ́ ìgò ojú, ó tún un wọ̀. "Ta ló gbé Akínbọ́lá síbẹ̀?"

"Èmi ni, Bàbá."

"Ta ló rán ọ?"

"Kò sẹ́ni tó rán mi. Alága ni wọ́n. Ẹ ti fi ara yín sáàárín àwọn tó ti kọjá nígbà tẹ́ ẹ ṣì wà lórí àga, mi ò sọ̀rọ̀. Bàbá tèmi ti sọ̀ kalẹ̀, wọ́n tiẹ̀ ti kú, ẹ ní wọn ò yẹ."

Àwọn èèyàn ní "Hẹ̀ẹ̀ẹ̀n!" Alága ò bínú. Ìyẹn ló ń bí mi nínú nípa ọkùnrin yìí, kì í bínú. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó yíjú sí àwùjọ.

"Ẹ̀yin èèyàn mi, èmi kì í ṣe ìkà. Mojísọ́lá, sọ ohun kan tí bàbá rẹ ṣe fún òpópónà yìí ní ọjọ́ mẹ́sàn-án yẹn. Ẹyọ kan. Tó o bá lè sọ ọ́, ibẹ̀ ni fọ́tò rẹ̀ máa wà títí láé, mo ti sọ ọ́ nìyẹn. Tó ò bá rí i sọ, wàá mú sísọ́ọ̀sì, ọwọ́ ara rẹ lo máa fi gé e kúrò."

Gbogbo ojú wà lára mi. Mo la ẹnu. Èmi tí ọ̀rọ̀ kì í wọ́n lẹ́nu mi! Mo wá a títí, mi ò rí nǹkan kan. Aago ni bàbá mi mọ̀ ọ́n tún ṣe. Wọn ò gba iná wá, wọn ò la gọ́tà. Ìtìjú bò mí, ó dùn mí dé egungun, torí ó dà bíi pé èmi gan-an ni mo gbé wọn wá sí gbangba kí wọ́n lè fi wọ́n ṣẹ̀sín.

"Kò burú," Alága yára sọ ọ́. "Sísọ́ọ̀sì lè dúró. Òjò ti ń ṣú. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ fọ́ bọ́m̀pù."

Abdulganiyy gbé òòlù lé mi lọ́wọ́. Ẹ wò ó, gbogbo ìbínú tó wà lára mi, mo dà á sí apá. Mo ní bọ́m̀pù yìí ló máa jẹ ìyà òní. Mo gbé òòlù sókè, mo dúró bí mo ṣe máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi, mo sì fi àdúrà ṣíde.

"Ẹni tó ṣe bọ́m̀pù yìí, níbikíbi tó bá wà lónìí, kí Ọlọ́run bi í léèrè!"

"Àmín!"

"Bó ṣe fọ́ ẹ̀rọ mi, kó má fara rọ!"

"Àmín!"

"Mojísọ́lá." Ohùn Màmá Ìdíátù ni. Wọn ò dìde, wọn ò pariwo. "Ta lò ń ṣépè fún?"

"Ẹni tó ṣe bọ́m̀pù ni, Mà."

"Bọ́m̀pù Akínbọ́lá?"

"Bọ́m̀pù ta ni, Mà?"

"Bọ́m̀pù bàbá rẹ. Àbí òmíì tún wà?"

Òòlù wúwo lọ́wọ́ mi. Mi ò mọ ìgbà tó bọ́ sílẹ̀. Ó ku díẹ̀ kó já lé akọ̀wé lẹ́sẹ̀.

Alága wúkọ́. "Màmá, ọjọ́ ti pẹ́. Ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ ti gbàgbé..."

"Àlàó, kí ni mo gbàgbé? Ṣé Pijó rẹ ni mo gbàgbé ni? Aláwọ̀ ewé, tí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn rẹ̀ kì í ṣí? Ṣé sàléńsà rẹ̀ tó já sórí bọ́m̀pù yìí ni mo gbàgbé, tó o gbé e dání wá sípàdé bí ẹni gbé òkú ọmọ?"

Ariwo ta! Promise ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ mi. "Aunty Mojí! So na your papa! Ẹyin mi ńkọ́? Kíréètì mẹ́ta!" Ẹnì kan ní ẹ̀yìn rò pé òun nìkan ni bọ́m̀pù ṣe léṣe, ó ń ké pé ọbẹ̀ ìsìnkú bàbá òun, odindi ìkòkò, ibẹ̀ ló dà nù sí. Ọkọ ìyàwó oníwíìgì dìde. Ó ní wíìgì náà, títí dòní, wọn ò rí i. Ṣe ni wọ́n tò sí iwájú mi, bí ẹni pé mo jogún bọ́m̀pù mọ́ ilé. Ohun tó burú jù níbẹ̀ ni pé wọ́n ń rántí àmín mi. Abdulganiyy ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé, "Ọdún mẹ́jọ! Mẹ́wàá kó tó di ọ̀sán! Fún bàbá ẹ̀!"

Mo kígbe. "Ẹ dákẹ́! Màmá, kí ló dé? Kí ni bàbá mi ń fi bọ́m̀pù ṣe? Wọn ò ní mọ́tò. Wọn kì í tiẹ̀ wọ bàtà!"

Màmá Ìdíátù wò mí. Wọ́n ní, "Áà, o ò rántí. Puff-puff."

"Puff-puff kẹ̀?"

"Obìnrin kan máa ń dín puff-puff ní òdìkejì títì. O sá jáde nílé, o ò wo ọ̀tún, o ò wo òsì, ọmọ tó máa ń kánjú ni ọ́. Bọ́ọ̀sì kan ń bọ̀ lérékeré. Dírẹ́bà tẹ bíréèkì, táyà rẹ̀ gun bàtà rẹ. Bàtà o, kì í ṣe ẹsẹ̀. Dírẹ́bà sọ̀ kalẹ̀, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ìwọ ń sunkún puff-puff. Bàbá rẹ sáré jáde nínú sùtánà, ó gbé ọ. Kò nà ọ́, kò bá dírẹ́bà jà. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n gbé ọ lọ sí Àgbàdo.

"Lọ́sẹ̀ yẹn la fẹ́ yan alága. Akínbọ́lá tó jẹ́ pé tó bá kí èèyàn, àfi kéèyàn tún etí nà, ló bá dìde, ló ní òun fẹ́. Ẹnu yà wá, a yàn án. Kò ṣèpàdé, kò dáwó, kò sọ̀rọ̀. Àpò sìmẹ́ǹtì mẹ́ta wà nílẹ̀ tá a fẹ́ fi mọ òpó géètì. Ó gbé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Òwúrọ̀ kùtù, òun nìkan, nínú sùtánà, ló pò ó, ló mọ ọ́n. Mo ní, 'Bàbá Mojísọ́lá, ẹ pe bíríkìlà, aago lẹ mọ̀ ọ́n tún ṣe, ẹ wo bó ṣe ga.' Ó ní, 'Mà, bíríkìlà á ṣe é kó rẹlẹ̀.'

"Lọ́jọ́ kẹjọ, bọ́m̀pù náà já sàléńsà Àlàó. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, Àlàó pe ìpàdé, ó ní alága kó sìmẹ́ǹtì ẹgbẹ́ jẹ. A bẹ Akínbọ́lá. A ní kó fọ́ nǹkan yẹn, kó máa ṣe alága rẹ̀ lọ. Ó dìde. Ó ní, 'Ẹ gba àga yín. Ẹ bá mi fi bọ́m̀pù mi sílẹ̀.' Ó sì lọ sílé."

"Kí ló dé tí wọn ò fọ́ ọ láti ìgbà yẹn?" Promise ló béèrè, pẹ̀lú Yorùbá tó dá ṣáká.

Màmá fi ẹnu júwe Alága. "Ìyàwó rẹ̀ ni. Ọmọ márùn-ún ló wà nílé wọn nígbà yẹn. Ó ní lọ́jọ́ tí Àlàó bá fọwọ́ kàn án, òun ò ní dáná fún un mọ́. Ìyàwó wá lọ gbọ́mọ jó ní Kánádà lóṣù tó kọjá, baálé ráyè, ó wá gbé òòlù."

Bàbá Àlàó ń wo bàtà ara rẹ̀.

Mi ò mọ ohun tí mo rò pé mo fẹ́ ṣe. Ẹkún ló gbọ̀n mí. Mi ò tijú, mo sun ún síta. Ọdún mẹ́jọ ni mo fi jókòó sí iwájú ohun tí bàbá mi fi ọwọ́ ara wọn mọ torí mi, tí mo ń ṣe àmín sí èpè. Iṣẹ́ tí mo fẹ́ fi í ṣe ti parí, wọ́n wí bẹ́ẹ̀, mo sì rò pé aago ni wọ́n ń sọ. Mo rìn lọ, mo já rìbọ́nù, mo jókòó sórí bọ́m̀pù. Apá ọ̀tún tó ga ni mo jókòó sí. Òjò sì dé.

"Mojísọ́lá, dìde," Alága ní. "Ẹ̀wù rẹ á bàjẹ́."

"Ó ti bàjẹ́."

"Mọ́tò fẹ́ kọjá."

"Kó gba orí mi kọjá. Ẹ lẹ́ ẹ fẹ́ kí n sọ ohun kan tí bàbá mi ṣe. Mo ti rí i. Mo jókòó lé e."

Màmá Ìdíátù ní kí wọ́n gbé àga àwọn jáde kúrò lábẹ́ kánópì, kí wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Wọ́n gbé e. Ẹni ọgọ́rin ọdún nínú òjò! Abdulganiyy sáré mú agboòrùn wá, ó ṣí i bò wọ́n lórí. Promise wò mí, ó wo bọ́m̀pù. Ó ní, "Kíréètì mẹ́ta," ó mí kanlẹ̀, ó wá jókòó sí apá òsì. Ó ní ọmọ òun méjì ń kọjá níbí lọ sílé ìwé láràárọ̀. Ọkọ ìyàwó oníwíìgì náà wá, ó jókòó láàárín.

Alága Àlàó wò wá, ó wo òjò, ó wo sísọ́ọ̀sì lórí tábìlì. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú sísọ́ọ̀sì, ó fi sápò. Ó ní, "Mo sọ pé ẹyọ kan. Ó ti rí ẹyọ kan. Fọ́tò á wà níbẹ̀." Ó fẹ́ yíjú lọ, ó padà. "Àmọ́ sàléńsà yẹn, tuntun ni o."

Lọ́jọ́ kejì, mo fi bébà lẹ ọ̀rọ̀ tuntun mọ́ abẹ́ fọ́tò bàbá mi kí wọ́n tó gbé bánà kọ́. Mo pa *Ó ṣe ìwọ̀n tó lè ṣe* rẹ́. Mo kọ ọ́ pé: *Ó ṣe bọ́m̀pù.* Àwọn èwe àdúgbò kun bọ́m̀pù náà ní dúdú àti pupa rúsúrúsú, kí wọ́n lè máa rí i lókèèrè. Kò ṣiṣẹ́. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, Alága fúnra rẹ̀ ń bọ̀ láti Ẹ̀gbẹ́dá, ó gbàgbé, gbì! Ó yọ orí jáde, ó la ẹnu, ó rí mi lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Ó pa ẹnu dé. Ó ní, "Bàbá Akínbọ́lá, ẹ kú iṣẹ́ o," ó sì wakọ̀ rẹ̀ lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ Monday, mo ń tẹ̀wé lọ́wọ́, ẹ̀rọ mi ń gbọ̀n bó ṣe máa ń gbọ̀n. Àwọn ọmọ Promise ṣẹ̀ṣẹ̀ sọdá. Ọlọ́kadà kan tí mi ò mọ̀ rí sáré dé, ó rí bọ́m̀pù, ó tẹ bíréèkì, ó pẹ́ jù. Gbì! Fìlà rẹ̀ fò.

"Ọlọ́run á bi ẹni tó ṣe bọ́m̀pù yìí léèrè!"

Àmín ti dé etí ètè mi. Mo gbé e mì. Mo jáde síta, mo bá a ṣa fìlà rẹ̀, mo gbọn eruku rẹ̀ nù, mo nà á sí i.

"Ó ti bi í," mo ní. "Ó sì ti dáhùn. Rọra máa lọ."